Ìwé Àṣẹ Kan Ló Dá Wa Dúró Lọ́nà Tsum

Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi jókòó sí abúlé Jagat ní Nepal, tí mò ń gbọ́ bí odò Budhi Gandaki ṣe ń hó gùù nísàlẹ̀, nítorí pé ẹni tí a sanwó fún lọ ra ìwé tí a kò rán an. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣì ń dùn mí jù lọ. Àfonífojì Tsum rẹwà, màá sì sọ bó ṣe rẹwà tó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ká mi lára.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ lọ. Lọ́ńdọ̀nù la jọ ń gbé, àmọ́ páásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba ló wà lọ́wọ́ mi, tiwọn ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà. Ẹni tó bá mú irú tèmi lọ́wọ́ lè san 50 dọ́là ní pápákọ̀ òfurufú Kathmandu, kó sì gba físà ọgbọ̀n ọjọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ò ní àǹfààní yẹn. Nepal ka orílẹ̀-èdè wa mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ ti gba físà kí wọ́n tó wọkọ̀ òfurufú. Nítorí náà, odidi oṣù méjì la fi ń lé físà ẹ̀gbọ́n mi kiri: lẹ́tà láti ibi iṣẹ́, ìwé báńkì, fọ́tò tí wọ́n ní kò mọ́lẹ̀ tó. Ọjọ́ tí físà jáde, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a sì gbà pé wàhálà ìwé ti tán. Ibẹ̀ la ti ṣì í. Ìwé àṣẹ tó kù, a fi lé ilé iṣẹ́ kan tó ń mú àlejò gun òkè ní Kathmandu lọ́wọ́, a ò sì bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwé náà, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó ń bí mi nínú. Tsum wà ní ẹkùn Gorkha, lẹ́bàá ààlà Tibet, àárín àwọn òkè Himalaya. Ọdún 2008 ni wọ́n tó ṣí i fún àlejò láti òkè òkun. Nígbà tí a lọ, ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá wọ ibẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ pé méjì ó kéré tán, kí amọ̀nà tó ní ìwé ẹ̀rí wà pẹ̀lú yín, ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ bá yín gba ìwé àṣẹ. Láti oṣù September sí November, 40 dọ́là ni orí kan ń san fún ọ̀sẹ̀ kan ní Tsum. Ọ̀nà mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀nà Manaslu, tí àwọn èèyàn mọ̀ jù. Ọ̀nà yẹn máa ń gun ẹnu òkè Larkya tó ga tó mítà 5,106, 100 dọ́là sì ni tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí o bá gbà nínú méjèèjì, wàá tún san 3,000 rúpìì fún ààbò ẹranko àti igbó àgbègbè náà. Ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn ará Tsum àti ará Manaslu jọ ń tọ̀ láti Machha Khola títí wọ́n á fi kọjá Philim, kí wọ́n tó pínyà lápá Lokpa.

Jíìpù gbé wa láti Kathmandu dé Machha Khola. A fẹsẹ̀ rìn dé Jagat lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò lójú ọ̀nà tó bàjẹ́ rí ti mọ ohun tí mi ò sọ níbẹ̀.

Ọlọ́pàá tó ń yẹ ìwé wò ní Jagat jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù. Ó bi wá níbi tí à ń lọ. A ní Tsum ni. Ó tún ìwé náà kà, ó wá fi ìka tẹ ìlà kan, ó sì yí i sọ́dọ̀ wa kí a lè fojú ara wa rí i. Samagaun wà níbẹ̀. Larkya wà níbẹ̀. Kò sí Lokpa, kò sí Chumling, kò sí Tsum rárá. Ìwé Manaslu ni wọ́n rà fún wa, 100 dọ́là lórí èmi, 100 dọ́là lórí ẹ̀gbọ́n mi, fún ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bèèrè.

Mo yíjú sí amọ̀nà wa. Ojú tì í. Inú àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní ìwé náà láàárọ̀ tí a gbéra, òun náà kò sì tú u wò. A pe ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó gbé fóònù ní ọ̀kan náà ni méjèèjì, pé kí a ṣáà bá ọlọ́pàá náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Gbólóhùn yẹn ló mú ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Ọ̀kan náà kọ́! Ọlọ́pàá náà kò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, kò sì jágbe mọ́ wa. Ó kàn ní tí ìwé tó tọ́ bá dé, òun á tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ká máa lọ. Òun ló jàre.

Àsìkò tó bọ́ sí ló tún wá ba nǹkan jẹ́. Ọdún Dashain ni, ọdún tó tóbi jù lọ fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Nepal, tí gbogbo èèyàn ń darí sílé bí a ṣe máa ń ṣe nígbà Iléyá tàbí Kérésì. Kathmandu nìkan ni wọ́n ti lè ṣe ìwé náà, wọ́n sì ní wákàtí díẹ̀ ni ọ́fíìsì ń ṣí. Lọ́jọ́ kìíní, ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ẹni tó máa lọ bá wọn gbà á ti relé ọdún. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fi 80 dọ́là ìwé tuntun ránṣẹ́ kí wọ́n tó lè lọ.

Mo ní n ò ní san án. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ nínú báàfù nígbà náà. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Àbúrò mi, ìjà yẹn, tí a bá dé Kathmandu la ó jà á. San án."

"Ẹ̀gbọ́n, owó tiyín náà ni wọ́n jẹ o."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ṣì lè rìn lónìí. Ta ló mọ̀ bóyá á lè rìn tó báyìí lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n. Mo sanwó náà. Àti amọ̀nà, ilé iṣẹ́ náà ní àwa la máa san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ márààrún tí kò ṣiṣẹ́, 30 dọ́là lójúmọ́. Mo san ìyẹn náà, torí ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, kò sì yẹ kó fi àṣìṣe ọ̀gá rẹ̀ pàdánù owó ọdún.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Jagat tí mi ò ní gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá tó ni ilé tí a dé sí po ìrẹsì tútù mọ́ yúgọ́ọ̀tì àti àtíkè pupa, ó di rẹ́súrẹ́sú nínú àwo idẹ. Àgbà ló ń fi í sí iwájú orí ọmọdé lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú àdúrà. Ó ní kí amọ̀nà bi wá ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wa, kó lè ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà, wọ́n tẹrí ba, ìyá náà sì lẹ ìrẹsì náà mọ́ wọn níwájú orí, ó ń wúre ní èdè tí a ò gbọ́, a sì ń ṣe àmín. Nígbà tó kàn mí, ó tutù lára mi, ó wúwo díẹ̀. Ó gbẹ títí di ìrọ̀lẹ́, horo kọ̀ọ̀kan sì ń já bọ́ sínú tíì mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé náà wá láti Machha Khola. Mo kà á lórí ìdúró: Sirdibas, Lokpa, Chumling, Chhekampar, Nile, Chule. Mo fi nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù wa wé ti orí ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́pàá náà tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ó bọ̀ wá lọ́wọ́.

Lẹ́yìn Lokpa, ọ̀nà há, ó dà gẹ́rẹ́ sínú ọ̀gbun, afárá onírin sì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Tí ìbaaka elérù bá ń bọ̀, apá ara òkè ni kí ẹ fara tì, ẹ má dúró sí apá ọ̀gbun láéláé. A sun Chumling. Lọ́jọ́ kejì, a gòkè dé Chhekampar, ilẹ̀ kàn ṣàdéédé tẹ́ rẹrẹ níwájú wa, oko ọkà bálì lọ́tùn-ún lósì, yìnyín Ganesh Himal lẹ́yìn. Mo ti gun Òkè Ìdànrè láti kékeré, mo sì máa ń fi í yangàn. Èyí ju èyí tí ẹnu mi lè fi wé nǹkan kan.

Ẹlẹ́sìn Búdà ni gbogbo ibẹ̀, èdè àti àṣà wọn sì sún mọ́ ti Tibet. Ògiri gígùn tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tò wà lójú ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ àdúrà sára òkúta kọ̀ọ̀kan. Apá òsì rẹ̀ ni kí ẹ gbà kọjá, kí ògiri wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Láti ọdún 1920 ni wọ́n ti jọ dá májẹ̀mú pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ẹran tàbí dẹ ìgbẹ́ ní àfonífojì náà. Ní Jagat, a ń gbọ́ igbe ewúrẹ́ ọdún. Ní Tsum, àgùntàn àti ẹran orí òkè ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọn ò sá fún wa. A rí ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní ti ẹyẹlé, níbi tí wọ́n ní Milarepa, akéwì ẹlẹ́sìn Búdà ọmọ Tibet, ti jókòó ṣe àṣàrò ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ ríri ọdún 2015, tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Gorkha yìí gan-an, fọ́ ilé àti ilé àdúrà púpọ̀. Ibi tí wọ́n ti tún ògiri mọ hàn gedegbe, òkúta tuntun funfun láàárín èyí tí èéfín ti sọ di dúdú.

Ní Rachen, níbi tí àwọn obìnrin tó fi ayé wọn fún ẹ̀sìn ń gbé, ọ̀kan nínú wọn bu ìyẹ̀fun ọkà bálì yíyan sínú abọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó da tíì oníyọ̀ àti bọ́tà lé e, ó sì ń fi ọwọ́ júwe bí wọn ó ṣe pò ó. Kò tíì júwe tán tí ẹ̀gbọ́n mi ti ró o, tí wọ́n ti fi ìka mẹ́ta sọ ọ́ di òkèlè, tí wọ́n sì ti fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi bu ọbẹ̀. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó pe àwọn yòókù wá wò ó.

A dé Mu Gompa, ilé àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan tó wà ní mítà 3,700, pẹ̀lú orí fífọ́ àti ayọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ ara wa dé ibẹ̀, mo sì ń fi í yangàn. Àmọ́ òru kan ṣoṣo la lè sùn níbẹ̀. A ti pète pé a ó lọ sí ẹsẹ̀ òkè Ganesh Himal gan-an, ọjọ́ márùn-ún Jagat ló jẹ ìyẹn, torí ọjọ́ ọkọ̀ òfurufú wa ò yẹ̀.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ tú ìwé àṣẹ yín wò ní Kathmandu, kí ẹ ka orúkọ abúlé tó wà nínú rẹ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa san owó ìdúró tí ìwé bá ní àṣìṣe. Ẹ wo ọjọ́ tí Dashain bọ́ sí lọ́dún yẹn, torí ó máa ń yí pẹ̀lú oṣù ojú ọ̀run. Ẹ mú rúpìì tó pọ̀ dání. Owó wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ kí a tó kúrò ní Jagat, kò sì sí ibi tí a ti lè gba òmíràn.

Nígbà tí a padà dé Kathmandu, ẹ̀gbọ́n mi ló bá ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, láìpariwo, fún wákàtí méjì. Wọ́n dá 100 dọ́là padà nínú 200. Mo ṣì ń bèèrè ìyókù.