Fífún Ara Lágbára Lẹ́yìn Ogójì Ọdún: Ìwé Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹni Tó Ní Àìsàn Tàbí Ìpalára Àtijọ́

Ẹni tó ti lé ní 40 ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, tàbí tí orúnkún tó fi ṣèṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì ń yọ lẹ́nu, ohun tí ará ilé máa ń sọ fún un ni pé kó rọra ṣe, kó má gbé ohun tó wúwo mọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀lé e fún ọdún mélòó kan yóò rí i pé ńṣe ni ìnira ń pọ̀ sí i. Iṣan tí a kò lò máa ń joro. Bí èèyàn bá ti kọjá 30 ọdún, iṣan ara á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, nǹkan bí 3 sí 8 nínú 100 láàárín ọdún 10, á sì máa yára jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn 60 ọdún. Bí itan bá ti ń tín-ín-rín, orúnkún ni yóò máa gba ìwúwo ara sọ́rùn. Bí iṣan ìdí àti ti ikùn bá dẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò máa jẹ ìyà rẹ̀.

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tó ń fún gbogbo iṣan ńláńlá lágbára, ó kéré tán lọ́jọ́ 2 láàárín ọ̀sẹ̀. Wọn kò yọ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ sílẹ̀. Wọ́n dárúkọ wọn pé ó kàn wọ́n. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1945 ni Thomas DeLorme, dókítà kan nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn nípa bí òun ṣe ń jẹ́ kí àwọn sójà tó fara pa máa gbé irin, kí irin náà sì máa wúwo sí i díẹ̀díẹ̀, tí agbára fi ń padà sí ẹsẹ̀ wọn. Ní 1990, Maria Fiatarone, dókítà kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn arúgbó bí 90 ọdún ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà: láàárín ọ̀sẹ̀ 8, agbára itan wọn ju ìlọ́po 2 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni 50 ọdún kò ní àwáwí.

Àgbẹ̀ lè béèrè pé ṣé iṣẹ́ oko kò tó ni. Iṣẹ́ oko dára fún ara, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló ń yan ìwúwo ẹrù, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọwọ́ kan náà la máa ń fi gbé e, ẹ̀gbẹ́ kan náà la máa ń tẹ̀ sí, bó bá sì rẹ èèyàn, kò lè dáwọ́ dúró torí iṣẹ́ ò tíì tán. Nínú ìdárayá, ẹ̀yin lẹ yan ìwúwo, ẹ̀yin lẹ sì mọ ìgbà tí ẹ ó dúró. Ibẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ wà fún ara tó ti ṣèṣe rí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ara dúró

Ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 110, ẹ má gbé ohunkóhun. Dókítà lẹ máa lọ rí. Ìfúnpá tí oògùn ti kápá kò ní kí ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àyà ń dùn bó bá ń ṣe wàhálà, ẹni tó ń dákú, ẹni tí kì í lè mí dáadáa níbi tó jókòó sí, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí wọ́n gba àṣẹ dókítà ná. Bí kókó kan bá ń yọ jáde ní ìdodo tàbí ní ìsàlẹ̀ ikùn nígbà tí ẹ bá wúkọ́ tàbí tí ẹ gbé ẹrù, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn fọwọ́ kàn án wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jò sínú ẹyinjú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo títí oníṣègùn ojú yóò fi yọ̀ǹda.

Ẹ̀yìn ríro lásán kì í dá ìdárayá dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá ń ro tí ẹ kò wá lè di ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mú mọ́, tí ojú ara àti àárín itan kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ lọ, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sùn mọ́ ọn.

Èémí, oògùn, àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀

Fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dídá èémí dúró léwu ju irin fúnra rẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá sé èémí mọ́ inú tó wá ń fi ipá gbé nǹkan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á ru sókè lójijì. Ẹ mí síta nígbà tí ẹ bá ń gbé e sókè, ẹ mí sínú nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ máa ka iye rẹ̀ sókè ketekete, torí ẹni tó ń kà kò lè sé èémí. Ẹ má sì fún ohun tí ẹ dì mú pa.

Ẹni tó ń lo oògùn bíi atenolol tàbí propranolol, kó má fi bí ọkàn ṣe ń lù mọ bí iṣẹ́ ṣe le tó, nítorí oògùn náà kì í jẹ́ kí ọkàn yára. Ọ̀rọ̀ sísọ ni kó fi wọ̀n ọ́n: bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láìdúró mí, iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn máa ń jẹ́ kí òòyì kọ́ni bí a bá dìde lójijì, nítorí náà ẹ má fi ìkánjú kúrò lórí ilẹ̀.

Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìwúlò yìí sì lè wà lára fún odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dára ni, àmọ́ ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Kó wọn ṣúgà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tó 90 mg/dL, kó jẹ nǹkan díẹ̀ ná. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó, kó dúró, kó mu ohun aládùn lójú ẹsẹ̀. Kó sì tún wò ó kó tó sùn, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lóru. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára dáadáa mọ́, bàtà ni kó wọ̀, kó sì yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ bóyá ó bó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni adájọ́

Ẹni tó ní ìpalára àtijọ́ tó wá ń dúró kí ìrora lọ tán pátápátá kó tó bẹ̀rẹ̀ lè dúró títí ayé. Ẹ jẹ́ kí á fi nọ́ńbà sí ìrora, láti 0 tí kò dùn rárá dé 10 tí ẹ kò lè fara dà. Bó bá wà ní 3 tàbí kó dín nígbà tí ẹ ń ṣe é, ẹ máa bá a lọ. Bó bá di 4 tàbí 5, ẹ dín bí ẹ ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀ tó kù, tàbí kí ẹ dín ìwúwo. Bó bá ju 5 lọ, ẹ fi ìṣe yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ ṣe òmíràn.

Àmọ́ ohun tí ara sọ nígbà tí ẹ bá jí lọ́jọ́ kejì ló ṣe pàtàkì jù. Bí orúnkún, èjìká tàbí ẹ̀yìn bá ti padà sí bó ṣe máa ń wà, ìwọ̀n tí ẹ lò dára. Bó bá ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tó wú, ìwọ̀n náà ti pọ̀. Ẹ dín in kù ní ìdajì nígbà tó ń bọ̀, ẹ má pa á tì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù: wọ́n á ṣe jù lọ́jọ́ kan, orúnkún á wú, wọ́n á ní ìdárayá kò bá àwọn lára mu. Ìwọ̀n ni kò bá wọn mu.

Kí iṣan máa ro yín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún ọjọ́ 1 sí 3 kì í ṣe ìpalára. Èyí tó ń ta gẹ́rẹ́ ní ojú kan ṣoṣo nínú oríkèé, tàbí tí oríkèé há tí kò ṣeé nà, ìyẹn ni kí ẹ fà sẹ́yìn fún. Bí iṣan bá sì wú gan-an tí ìtọ̀ wá dúdú lẹ́yìn ìdárayá, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn ìṣe náà

Dídìde lórí àga ni ìpìlẹ̀. Ẹ gbé àga tó dúró dáadáa ti ògiri kó má baà yọ̀. Ẹ jókòó sí ìdajì rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí gìgísẹ̀ fà sẹ́yìn orúnkún díẹ̀. Ẹ tẹ àyà síwájú títí imú yóò fi dé ọ̀kánkán ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀, ẹ mí síta, ẹ dìde. Kí orúnkún kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, kó má ya sínú. Jíjókòó padà gan-an ló ní iṣẹ́ nínú: ẹ ka 1, 2, 3 kí ìdí tó kan àga. Ẹni tó bá ń já wó lé àga ti pàdánù ọ̀pọ̀ nínú èrè rẹ̀. Bí orúnkún bá ń dùn ju 3 lọ, ẹ fi tìmùtìmù mú àga ga sí i. Bí agbára bá ṣe ń dé, ẹ ó máa yọ ọ́.

Èkejì wà fún ẹ̀yìn. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kí ẹ jìnnà sí i tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ wá ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì tó fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, títí ìdí yóò fi kan ògiri. Ìgbáròkó ló ń tẹ̀, ẹ̀yìn kò ká. Ẹ̀yìn itan ló yẹ kó máa fà. Ẹ ṣe é lọ́wọ́ òfìfo títí yóò fi mọ́ yín lára, kí ẹ tó di ohun tó wúwo mú, kó sì wà nítòsí ẹsẹ̀ yín nígbà gbogbo. Ẹ má ṣe é ní kété tí ẹ bá jí, nítorí ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn máa ń fa omi mọ́ra lóru, ẹ̀yìn sì máa ń le. Ó dára kí wákàtí kan kọjá.

Ẹ fi títi ògiri kún un fún àyà àti apá, àti fífa rọ́bà wá sí ìhà fún ẹ̀yìn òkè. Ẹni tí èjìká ń dùn, kí ó fà ju bó ṣe ń tì lọ, kó má gbé nǹkan kọjá èjìká ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ di ògiri mú kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò. Ẹ sì fi ọwọ́ kan gbé ẹrù rìn, 20 sí 30 ìṣísẹ̀, kí ẹ tó yí i sí ọwọ́ kejì.

Ìwọ̀n, àti bí ẹ ó ṣe máa fi kún un

Ọjọ́ 2 láàárín ọ̀sẹ̀ tó, kí ọjọ́ 2 wà láàárín wọn. Ìgbà 8 sí 12 fún ìṣe kọ̀ọ̀kan, abala 1 péré ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ (ìgbà 8 sí 12 yẹn ni abala 1), lẹ́yìn náà abala 2, kí ẹ sinmi díẹ̀ láàárín wọn. Ẹ dúró nígbà tí ẹ mọ̀ pé ẹ ṣì lè ṣe 2 tàbí 3 sí i. Bí ẹ bá lè ṣe ìgbà 2 ju iye tí ẹ pinnu lọ, lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ẹ fi díẹ̀ kún ìwúwo, kó má ju 10 nínú 100 lọ. Lítà omi 1 wúwo tó kílò 1, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí: bí omi inú rẹ̀ bá ti tó lítà 5, ẹ lè fi ìdajì lítà kún un lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún oṣù kejì. Agbára máa ń tètè dé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ torí pé ọpọlọ ti kọ́ bí yóò ṣe pe iṣan sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n okùn tó so iṣan mọ́ eegun kì í yára bẹ́ẹ̀. Oṣù mélòó kan ló máa ń gbà á. Ara á máa yá yín, okùn náà kò tíì ṣe tán.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró nílò ìwúwo ju ẹni tó kù lọ, torí eegun máa ń tètè fúyẹ́ lásìkò yẹn, ẹrù gbígbé sì ń mú kó lágbára. Bí eegun ẹ̀yìn bá ti fọ́ rí, kó má tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹrù, kí oníṣègùn fisiotẹ́rápì kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe tirẹ̀.

Bí ibà bá mú yín, ẹ sinmi títí yóò fi lọ. Ẹni tó bá pa á tì ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, kó fi ìdajì ìwúwo tó ń gbé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ gbé, nọ́ńbà ìrora, àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tàbí ṣúgà yín sínú ìwé, kí ẹ mú un lọ nígbà tí ẹ bá fẹ́ rí dókítà. Bí nọ́ńbà bá ti ń wálẹ̀, ó lè fẹ́ dín oògùn kù. Ẹ má dín in fúnra yín.