Bí mo ṣe yan Jámánì nígbà tí mo tún ọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà

Owó hòtẹ́ẹ̀lì ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó gbé mi lọ sí Jámánì, ìjọba náà ni ó sì kó ẹrù wa, síbẹ̀ ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé àpò tèmi ni owó yàrá tí ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa ń sùn ní Amẹ́ríkà ti ń jáde, nítorí pé iye ọjọ́ tí ìjọba ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ti pé, ìwé àṣẹ ìrìn-àjò wọn kò sì tíì jáde.

N kò ní í sọ bí a ṣe ń búra. Ẹni tí ó ti wọṣẹ́ ológun mọ èyí. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n máa ń là sílẹ̀ fún ológun tí ó bá fẹ́ tún ọwọ́ bọ̀wé: kí ènìyàn lọ síbi tí iṣẹ́ bá ti nílò rẹ̀, kí ó dúró síbi tí ó wà, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, kí ó lọ sí òkè òkun, tàbí kí ó yan bárékè kan nínú Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àyè tí ó sì wà nínú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó di ọ̀sán.

Fort Meade ní Maryland ni ọkàn mi fẹ́, nítorí pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ lágbègbè náà, ènìyàn kì í sì í wá àmàlà tì níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún àwa tí a ń ṣe ìtọ́jú ẹrù. Fort Drum ni wọ́n fi lọ̀ mí, ní òkè New York níbi tí yìnyín ti ń bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi Camp Humphreys ní South Korea lọ̀ mí, àti Vilseck ní Jámánì. Mo yan Vilseck, bí wọ́n bá sì tún bi mí lónìí, òun náà ni n ó yàn. Láti Frankfurt, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà sí méje ni bàálù ń lò dé Èkó, ìyá mi sì ti ń dàgbà ní Ìbàdàn. Oṣù 36 ni ẹni tí ó bá mú ìdílé lọ yóò lò, oṣù 24 ni ti ẹni tí ó bá dá lọ.

Ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ fún èmi ní Jámánì. Kò fún ìyàwó àti àwọn ọmọ mi. Dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìlera gbogbo ìdílé wò, kí wọ́n sì rí i pé ìtọ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò wà níbi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n fọwọ́ sí ti Táyé lójú ẹsẹ̀. Kẹ́hìndé ní ásímà, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan sì ti dúró. Dókítà rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù DD 2792, èyí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé àìlera ẹni tí ó wà nínú ìdílé ológun, kúnná, àfi ojú ewé àfikún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ásímà, tí ó fi sílẹ̀ lófìfo. Kò sẹ́ni tí ó pè wá. Fáìlì náà jókòó sórí tábìlì akọ̀wé kan títí èmi fúnra mi fi lọ béèrè, ni ọ̀gbẹ́ni náà bá sọ láìgbójú sókè pé, "Kò pé." Mo ní kí ni kò pé, ó kàn fi bírò lu ojú ewé náà ni. Wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tí a gbé ọmọ dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, àti oògùn tí ó ń fà sẹ́nu. Nígbà tí a tún un ṣe, ilé ìtọ́jú ti Vilseck tún ní láti sọ bóyá agbára wọn ká a, nítorí pé Landstuhl, níbi tí ilé ìwòsàn ológun ńlá wà, jìnnà sí wọn ju 300 kìlómítà lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi kò yẹ̀. Ẹrù wa ti wà lójú òkun, a ti dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà, èmi sì ti dé Vilseck, nígbà tí Ìyá Ìbejì sọ fún mi lórí fóònù pé: "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin ni wọ́n gbé lọ sí Jámánì, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n gbé àwa lọ." Kí ni mo fẹ́ sọ?

Wọ́n dé níkẹyìn, ara Kẹ́hìndé sì le. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ní àìlera, kí ó rí i pé dókítà ti kọ fọ́ọ̀mù náà kí òun fúnra rẹ̀ tó tọwọ́ bọ ìwé kankan, kí ó sì ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ó tó kúrò níwájú dókítà. Kí ó má ṣe dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà títí orúkọ gbogbo ìdílé yóò fi wà nínú ìwé àṣẹ. Agbára iná mànàmáná Jámánì jẹ́ 230 fóòtì (volt) bíi ti Nàìjíríà, nítorí náà ẹ̀rọ ìlọta tí a gbé wá láti Ìbàdàn, tí kò wúlò fún wa ní Texas tí a ń gbé tẹ́lẹ̀ nítorí pé iná ibẹ̀ yàtọ̀, ni ó ń lọ ata wa báyìí. Àwọn ẹ̀rọ tí a rà ní Amẹ́ríkà ni ó wà nínú páálí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni ìjọba sì ń gbé kọjá òkun. Ẹni tí ó bá ní méjì, kí ó tètè wá ẹni tí yóò ra èkejì, nítorí pé àwọn alágbàtà ọkọ̀ tí ó yí bárékè ká mọ ẹni tí ó ń kánjú.