Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìrìn-Àjò Tẹ́ńpìlì 88 ti Shikoku

Ní erékùṣù Shikoku lórílẹ̀-èdè Japan, tẹ́ńpìlì 88 wà tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń bẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti Ryozenji ní Tokushima títí dé Okuboji ní Kagawa. Ọ̀nà náà yí erékùṣù ká, ó tó nǹkan bí kìlómítà 1,200. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín máa ń lo bí ọjọ́ 40 sí 60. Àwọn mìíràn a wọ bọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn a wa mọ́tò tiwọn, kò sì sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń ba ìrìn-àjò náà jẹ́ ni pé àwọn èèyàn ń gbàgbé ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ wá. Kukai ni ẹni náà, àlùfáà tí wọ́n bí ní ọdún 774, níbi tí tẹ́ńpìlì 75, Zentsuji, wà lónìí. Ní ọdún 921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọba fi oyè Kobo Daishi dá a lọ́lá, oyè yẹn ni tọmọdé tàgbà sì fi ń pè é.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti òǹtẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbé ìwé kan dání tí wọ́n ń pè ní nokyocho. Ní tẹ́ńpìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ̀wé sínú rẹ̀, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ pupa lé e. Ẹ̀rí pé ẹ ti gbàdúrà níbẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹ óò rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tó gba ọ́fíìsì òǹtẹ̀ lọ tààrà, tó sì padà sínú bọ́ọ̀sì. Kí ló wá gbà? Ẹ tẹríba lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fọ ọwọ́ àti ẹnu níbi omi, kí ẹ lọ sí hondo, ilé tí ère tí wọ́n ń bọ ní tẹ́ńpìlì náà wà. Ẹ tan àbẹ́là kan, ẹ fi tùràrí mẹ́ta, ẹ ju pélébé ìwé tí ẹ kọ orúkọ yín sí sínú àpótí, ẹ fi owó ọrẹ síbẹ̀, ẹ sì ka Hannya Shingyo, ìwé mímọ́ kúkúrú kan ti ẹ̀sìn Búdà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí daishido, ilé tí wọ́n kọ́ fún Kobo Daishi fúnra rẹ̀, kí ẹ tún ṣe gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìgbà náà ni òǹtẹ̀ kàn.

Daishido yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, torí ó sábà máa ń kéré ju hondo lọ. Ẹni tó bá fò ó dà bí àlejò tó wọ agbo ilé, tó jẹ, tó mu, tó sì jáde láìkí baálé.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀pá. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Kobo Daishi ló ń bá yín rìn nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ẹni méjì ló jọ ń lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibi tí ẹ fẹ́ sùn, ẹ fọ ìdí ọ̀pá kí ẹ tó fọ ẹsẹ̀ tiyín. Bí ìdí rẹ̀ bá ti fọ́n, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e, ẹ fi ha ilẹ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀. Bí ẹ bá ń kọjá lórí afárá, ẹ gbé e sókè. Ìtàn sọ pé nílùú Ozu ní Ehime, Daishi wá ilé tí yóò sùn títí, kò rí, ló bá sun abẹ́ afárá mọ́jú. Kò yẹ kí ọ̀pá wa jí i. Láyé àtijọ́, arìnrìn-àjò tó bá kú sójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí, ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n sì ń rì mọ́ ojú oórì. Aṣọ òkú ni aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ dúró fún. Ẹni tó mọ èyí kò ní fi ọ̀pá náà ta kàǹgbọ̀n nínú fọ́tò.

Agogo kò gba àlàyé púpọ̀: ìgbà tí ẹ bá ń wọlé ni kí ẹ lù ú, bí wọ́n bá gbà á láyè. Èèwọ̀ ni kí ẹ lù ú nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ má sì tan àbẹ́là yín lára àbẹ́là ẹlòmíràn, torí wọ́n gbà pé ẹ ó gba àmúwá ẹni náà mọ́ tiyín. Ẹ mú ìṣáná dání.

Àwọn ará Shikoku máa ń fún arìnrìn-àjò ní nǹkan: ọsàn, tíì, àkàrà dídùn, nígbà mìíràn owó. Osettai ni wọ́n ń pè é. Àjèjì a máa kọ̀ ọ́ nítorí ìtìjú, tàbí kó fẹ́ sanwó rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Daishi ni wọ́n ń fún nípasẹ̀ yín, ipa tiwọn nínú ìrìn-àjò náà nìyẹn, ẹ má fi dù wọ́n. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ sọ pé "Namu Daishi Henjo Kongo", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ké pe Daishi, kí ẹ sì fún wọn ní pélébé ìwé orúkọ yín kan. Funfun ni ti ẹni tí kò tíì lọ tó ìgbà márùn-ún. Ti wúrà wà fún ẹni tó ti lọ tó ìgbà 50. Ẹni tó ra ti wúrà torí pé ó ń dán ń pa irọ́ fún ẹni tó ṣe é lóore.

Ìtàn Emon Saburo fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo lọ́kàn wọn. Olówó ni, ó lé àlùfáà kan tó wá tọrọ, ó sì fọ́ abọ́ rẹ̀ sí mẹ́jọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ kú tẹ̀ léra. Ìgbà náà ló mọ̀ pé Daishi ni òun lé. Ó wá a yí erékùṣù ká nígbà 20, kò rí i. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kọkànlélógún, ó gba òdìkejì, wọ́n sì pàdé nítòsí tẹ́ńpìlì 12, Shosanji, bó ti ń kú lọ, ó sì rí àforíjì gbà. Látinú ìtàn yìí ni àṣà gbígba òdìkejì ti wá, ní ọdún tí oṣù kejì bá ní ọjọ́ 29. Wọ́n ní èrè rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ má tìtorí èrè yẹn gba òdìkejì lẹ́ẹ̀kìíní. Ẹni tó ń ti tẹ́ńpìlì 1 bọ̀ ni ọ̀pọ̀ àmì ojú ọ̀nà kọjú sí, ẹ lè ṣìnà nínú igbó.

Àwọn kan mọ Kobo Daishi, wọn ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Èyí náà kò dára. Ní 804 ni Kukai wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ṣáínà. Ní Chang'an, olú-ìlú Ṣáínà nígbà náà, àlùfáà Huiguo gbà á ní tẹ́ńpìlì Qinglong, ó sì fi gbogbo ohun tó mọ̀ lé e lọ́wọ́ láàárín oṣù díẹ̀, kó tó kú. Kukai ni wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ ìrántí sára òkúta rẹ̀, àjèjì tó dé lánàá. Amoghavajra ló kọ́ Huiguo. Vajrabodhi tó wá láti Íńdíà ló kọ́ Amoghavajra. Ní tẹ́ńpìlì Shingon, ìjọ tí Kukai dá sílẹ̀, bí ẹ bá rí àwòrán àwọn àlùfáà mẹ́jọ tó jókòó, àwọn wọ̀nyí wà lára wọn, Kukai ni ìkẹjọ. Ẹ dúró, ẹ kí wọn.

Bí ẹ bá parí 88, ẹ má lọ sí pápákọ̀ òfúrufú tààrà. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń lọ dúpẹ́ ní Koyasan, òkè tí ọba fi ta Kukai lọ́rẹ ní 816. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ gbà pé kò kú ní 835, pé ó wà nínú àṣàrò ní Okunoin, ibi ibojì rẹ̀ lórí òkè náà, títí di òní. Àwọn àlùfáà ń gbé oúnjẹ lọ fún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní aago mẹ́fà àti aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀. Bí ẹ bá dé afárá Gobyobashi, ẹ ṣí fìlà, ẹ pa fóònù mọ́, ẹ má jẹ, ẹ má mu. Kò sí fọ́tò yíyà lódì kejì. Ọkọ̀ ojú omi wà láti Tokushima lọ sí Wakayama, ọkọ̀ ojú irin sì wà láti ibẹ̀. Nǹkan bí 50 tẹ́ńpìlì ló ń gba àlejò sùn lórí òkè náà. Ẹ tètè fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ lè wà ní Okunoin nígbà tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ aago mẹ́fà kọjá.