Bẹ́ẹ ṣe lè sọ wẹ́bsáìtì ṣọ́ọ̀bù yín di ápù tó ń ṣí láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Àǹtí mi tó ń ta léèsì ní Balógun ló fa ọ̀rọ̀ yìí o. Inú lọ́hùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọbẹ̀ dáadáa, kọ́sítọ́mà á dúró, àwọn náà á máa na fóònù sókè kí iye ọjà ṣáà lè ṣí. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe ápù. Mo ní wẹ́bsáìtì tẹ́ẹ ní yẹn náà tó.

Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀, ìwé kíkà ló wà fún. JavaScript dé ní 1995, nígbà tí Gmail fi máa jáde ní 2004, bùráúsà (bíi Chrome) ti ń ṣe bí ápù gidi. Èyí tó kàn wá ni service worker, fáìlì JavaScript kan tó dúró sáàárín sáìtì yín àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi géètìmáànù.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé HTTPS, ìyẹn àdírẹ́sì tó ní ààbò, ni sáìtì yín ń lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bùráúsà ò ní gbà. Ẹ wá kọ manifest.json, fáìlì kékeré tó ń sọ fún fóònù bí ápù yín ṣe máa rí, ẹ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù, start_url (ojú ìwé tó máa kọ́kọ́ ṣí), display tó jẹ́ standalone (kó ṣí bí ápù gidi) àti áíkọ́ọ̀nù méjì sí i, 192 àti 512 píksẹ́ẹ̀lì, kẹ́ẹ so ó mọ́ orí (head) index.html, ojú ìwé àkọ́kọ́ sáìtì yín. Ìyẹn ò le.

sw.js, ìyẹn fáìlì service worker yẹn, gan-an ni kẹ́ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ gbé e sí fódà tó wà lókè pátápátá, torí kì í ṣọ́ kọjá fódà tó bá wà. Kó kó HTML, CSS àti àwòrán pamọ́ sínú cache, ibi ìpamọ́ tó wà nínú fóònù, ká ní orúkọ rẹ̀ ni leesi-v1.

Ibi témi ti jẹbi: mo ní kó máa mú iye ọjà náà látinú cache. Léèsì gbówó lórí, mo yí i lórí sáìtì, fóònù Àǹtí ṣì ń gbé iye àná jáde, kọ́sítọ́mà dẹ̀ ti rí i, ó ní iye yẹn lòun máa san, ó sì san án. Mi ò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Torí náà, tó bá kan owó, kó kọ́kọ́ lọ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta bá kọjá kó tó padà sínú cache, kẹ́ẹ sì kọ déètì sábẹ́ iye yẹn kó hàn kedere. Tẹ́ẹ bá pààrọ̀ fáìlì, ẹ yí orúkọ cache sí v2, kẹ́ẹ pa v1 rẹ́ nínú activate, ìyẹn apá sw.js tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí tuntun bá gbapò.

Ó kù kẹ́ẹ ṣí i nínú Chrome, ẹ tẹ mẹ́nù, ẹ fi sí home screen, tó bá jẹ́ iPhone, Safari ni, bọ́tìnì share. Ẹ tan airplane mode, ẹ tún un ṣí, kẹ́ẹ fi dán an wò.

Àǹtí ti ń fi han gbogbo láìnì wọn báyìí, "ọmọ mi ló ṣe é." Wọn ò tíì sanwó iṣẹ́ sha.