Tẹ́ ẹ bá ń gbé gaàrí lọ fún opó

Ẹ̀yin ará ìjọ ní Ṣágámù, ẹni méjì ti tó fún ìbẹ̀wò opó. Kóńgò gaàrí Ìjẹ̀bú méjì, ẹ̀wà kóńgò kan, epo ìgò kan. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ gaàrí náà wò. Èyí tí ò bá gbẹ dáadáa á tètè bu. Ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, kẹ́ ẹ lọ nírọ̀lẹ́.

Ẹnu ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. “Ẹ kú ìrọ́jú o, mà” ti tó. “Àwọn ọmọ yín dà?” máa ń dùn wọ́n ju ebi lọ. Ó ṣe tán, Jákọ́bù 1:26-27 ló so ìjánu ahọ́n mọ́ ìbẹ̀wò opó. Ẹ má ya fọ́tò rárá. Tí wọ́n bá bi yín nípàdé, ẹ ní “A ti jẹ́ iṣẹ́ náà,” láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.