Bí A Ṣe Ń To Ọjọ́ fún Àwọn Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi Kí Wọ́n Lè Fi Ọwọ́ Ara Wọn Kẹ́kọ̀ọ́

Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ aago í wò, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé ohun. Bí ó bá jẹun tán, ó mọ̀ pé eré ìta ló kàn. Bí ó bá gbọ́ orin tí ẹ fi ń kó nǹkan jọ, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ́ parí. Ìmọ̀ kékeré yìí ni ìpìlẹ̀ ètò ọjọ́. Ọmọ tí kò mọ ohun tó kàn yóò máa ṣọ́ ojú tíṣà láti àárọ̀ dé ọ̀sán; èyí tó mọ̀ ọ́n ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó láti dáwọ́ lé nǹkan fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni èyí tí David Weikart, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, tí a mọ̀ sí HighScope lónìí. Láàárín ọdún 1962 sí 1967, wọ́n mú ọmọ aláwọ̀ dúdú 123 láti ìdílé tí kò rí já jẹ. 58 nínú wọn ń wá sí kíláàsì fún wákàtí méjì àbọ̀ lárààárọ̀, tíṣà sì ń lọ bá wọn nílé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi pé ẹni 40 ọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn tó wá sí kíláàsì parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ju àwọn yòókù lọ, owó tó ń wọlé fún wọn pọ̀ ju tiwọn lọ, ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó bí ó ṣe mú àwọn yòókù. Ohun mẹ́ta ló wà láàárín gbùngbùn ètò HighScope: kí ọmọ sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, kí ó ṣe é, kí ó sì rántí ohun tí ó ṣe.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pín yàrá sí igun mẹ́rin tàbí márùn-ún: igun ilé dídáná, igun ìsọ̀ títà, igun kíkọ́ nǹkan, igun àwòrán, àti igun iyanrìn tàbí omi. Ẹ kó agolo mílíìkì, páálí, igbá, ọmọ ayò, amọ̀ àti àkísà aṣọ síbẹ̀, sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Níbi tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà, ẹ yọ ohunkóhun tó bá lè wọ ẹnu wọn tán kúrò, títí kan ọmọ ayò. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán ètò ọjọ́ mọ́ ògiri ní ìpele ojú ọmọ, kí ọmọ kan sì máa sún ọfà páálí láti orí àwòrán kan sí èkejì bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Lẹ́yìn ìkíni àárọ̀, ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́tọ̀ fún ètò ṣíṣe. Ẹ bi ọmọ pé, “Kí lo fẹ́ ṣe lónìí?” Èyí tó kéré lè nawọ́ sí igun kan, ìyẹn náà ti tó, èyí tó dàgbà díẹ̀ yóò sọ ohun tí ó fẹ́ lò àti ẹni tí wọn yóò jọ ṣe é. Bí ọmọ bá pọ̀, tí tíṣà kò ju méjì lọ, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, kí mẹ́fà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, kí àwọn yòókù sì máa sọ tiwọn fún ara wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè ilé wọn sọ ọ́. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kiri kò ní ráyè ronú lórí ohun tí ó fẹ́ ṣe.

Iṣẹ́ gan-an ló kàn, kò sì yẹ kó dín ní ìṣẹ́jú 45. Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣì í ṣe, nítorí pé a rò pé bí a kò bá sọ̀rọ̀, a kò kọ́ni. Mo wo ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan tó ń to agolo léra. Ńlá ló ń gbé lé kékeré, ó sì ń wó ní gbogbo ìgbà. Ọwọ́ ń yún mi láti bá a tún un tò. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní, “Ó tún wó.” Kò dá mi lóhùn. Ó gbé agolo kékeré náà sókè, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí, ó ní, “Àǹtí, ìdí ẹ̀ kéré.” Ó wá fi ńlá sísàlẹ̀. Ká ní mo ti tò ó fún un ni, ìwọ̀nba ohun tí ì bá mọ̀ ni pé Àǹtí mọ agolo í tò.

Nítorí náà, ẹ wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ lóṣòó kí ojú yín lè bá tọmọ dọ́gba, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí dípò kí ẹ máa da ìbéèrè bí “Àwọ̀ wo nìyí?” bò ó. Bí ọmọ méjì bá ń ja agolo gbà, ẹ di agolo náà mú, ẹ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, kí ẹ sì bi wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n rò pé ó lè gbà tán.

Ẹ kéde ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú kí iṣẹ́ tó parí. Orin ìkó-nǹkan-jọ yóò wá tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ìrántí: ẹ fi nǹkan díẹ̀ tí wọ́n lò sínú àpò, kí ọmọ tó bá rí tirẹ̀ sọ ohun tí ó fi ṣe. Ẹ bi í bóyá ohun tí ó ṣe bá ohun tí ó ní òun fẹ́ ṣe mu. Bí kò bá bá a mu, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ohun tó yí i lọ́kàn padà.

Oúnjẹ, iṣẹ́ ọ̀wọ́ kékeré fún bí ìṣẹ́jú 15, orin àti ijó gbogbo kíláàsì, àti eré ìta ló kù. Ẹ lè tò wọ́n bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tò ó, ẹ má ṣe yí i lójoojúmọ́. Bí òjò bá rọ̀, ẹ gbé eré ìta wọ inú yàrá, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ sún ọfà náà sí orí àwòrán eré ìta bí ó ṣe máa ń ṣe.