Hẹ́dífóònù yín nínú ọyẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, tí hẹ́dífóònù aláìníwáyà tó ń dí ariwo ìta bá ń hó wùùù létí yín lórí Àpáta Olúmọ, kò bàjẹ́ o. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń kọlu àwọn máìkì kéékèèké ara rẹ̀. Ẹ pa ANC, ìyẹn ètò tó ń dí ariwo ìta náà, lórí áàpù rẹ̀, híhó náà á dín kù. Eruku sì máa ń dí ihò máìkì: búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbá a. Ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọlé.

Ẹni tó ń lọ Kánádà, òtútù ibẹ̀ á tètè jẹ bátìrì. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú 30 kẹ́ ẹ tó ṣàájì rẹ̀.

Ní títì Láfẹ́ńwá, ẹ yọ ọ́ létí jàre. Ọlọ́kadà kì í fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì.